Ẹkùn Tí Kò Ní Àmì

Ọ̀rọ̀ dà bí omi tó kún igbá. Bí ẹni tó gbé e bá tẹ̀ díẹ̀ sápá kan, ibi tí wọn kò rán an ló máa dà sí. Obìnrin kan wà tó jẹ́ pé iṣẹ́ tó fi ọgbọ̀n ọdún ṣe kò ju kí igbá yẹn má tẹ̀ lọ. Ilé ìtẹ̀wé ló ti ń ṣiṣẹ́. Bí wọ́n bá ti to ìwé tán, kí wọ́n tó gbé e sórí ẹ̀rọ, ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló máa kọ́kọ́ yà. Á gbé gíláàsì sójú, á fa bírò pupa yọ, á sì máa wá àmì ohùn tó sọnù láti orí ọ̀rọ̀ kan dé orí èkejì, bí ìyá tó ń tú irun ọmọ wò bóyá iná orí wà níbẹ̀. Ìyá Àmì ni wọ́n ń pè é. Orúkọ yẹn ti gbajúmọ̀ débi pé àwọn ẹbí rẹ̀ náà ti gbà á mọ́ wọn lọ́wọ́.

Kì í fi ọ̀rọ̀ àmì ṣeré. Lọ́jọ́ kan, wọ́n lẹ ìwé kan mọ́ ògiri níbi iṣẹ́: "Enikeni ko gbodo fi oko re sile si enu ona." Ìyá Àmì dúró níwájú rẹ̀, ó káwọ́ sẹ́yìn.

"Ọkọ̀ ni àbí ọkọ?" ó bi wọ́n. "Bó bá jẹ́ ọkọ ni, tèmi kò sí nílé mọ́, òfin yìí kò kàn mí."

Àwọn tó wà níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín. Kíá ni wọ́n tún gbé e mì, tí gbogbo wọn ń wo ojú rẹ̀.

Ìdí tí wọ́n fi ń wojú rẹ̀ ni pé ọkọ rẹ̀ ti kú lọ́dún méjì sẹ́yìn, kò sì sí ẹni tó rí omijé kan lójú rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsìnkú, nígbà tí gbogbo ilé ń sunkún, òun ló ń wá àga fún àlejò. Ó tilẹ̀ fi bírò pupa tún ìwé ètò ìsìnkú ṣe. Láti ìgbà náà ni ẹbí ti ń retí ẹkún rẹ̀ bí àgbẹ̀ ṣe ń retí òjò tó ṣú tí kò rọ̀. Wọn kì í jẹ́ kó dá wà. Bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin, agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, bá sùn lọ́dọ̀ rẹ̀ lónìí, àbúrò rẹ̀ ọkùnrin tó ń tún fíríìjì ṣe á dé lọ́la, á ní òun kàn ń kọjá lọ ni. Ilé Ìyá Àmì wà ní ìpẹ̀kun òpópónà tó dí pa. Kò sí bí èèyàn ṣe lè máa kọjá níbẹ̀.

Ìwé alífábẹ́ẹ̀tì àwọn ọmọ jẹ́lé-ó-sinmi ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. A ni ajá, B ni bàtà, ó ń lọ geere títí ó fi kan Ẹ. Ayàwòrán ilé ìtẹ̀wé, ọkùnrin kan tó máa ń fi pẹ́ńsùlù há etí, ti ya ẹran ńlá kan tó pọ́n bí ọsàn, ó sì fi ilà dúdú gbọọrọ yí i lára ká. Ó kọ "ẹkùn" sí abẹ́ rẹ̀. Àmì ohùn orí rẹ̀ pé.

"Ta ló kọlà fún un?" Ìyá Àmì bi í.

"Bó ṣe rí nìyẹn, mà."

"Ibo lo ti rí i?"

"Nínú ìwé ni, mà."

"Ta ló ya ti inú ìwé?"

"Ayàwòrán bíi tèmi ni."

"Òun náà ńkọ́, ibo ló ti rí i?"

Ayàwòrán fa pẹ́ńsùlù kúrò létí, ó wò ó bí ẹni pé ìdáhùn wà lára rẹ̀. "Mà, ẹ má bínú o. Bó bá jẹ́ pé ẹ̀yin ti rí i, ẹ sọ bó ṣe rí, màá yà á bẹ́ẹ̀."

Ọ̀rọ̀ há síbẹ̀. Ìyá Àmì ti fi àmì sórí ẹkùn nínú ìwé tí kò níye, kò rí i rí. Ó padà sídìí tábìlì rẹ̀, ó ń ro gbogbo ohun tó mọ̀ nípa ẹran náà. Ó mọ̀ pé yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́, ohun tí yóò jẹ ló ń wá. Ó mọ̀ pé bí ẹkùn ò bá fẹ̀, èse là ń pè é. Ó ṣa òwe ẹkùn jọ títí, kò sí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn tó sọ irú aṣọ tí ẹkùn ń wọ̀. Ó wò ó lórí fóònù, ó bá onílà, ó bá alámì tótòtó, orúkọ kan náà ni wọ́n sì fún àwọn méjèèjì. Àbí irú kí lèyí?

Nígbà tí ìjà òun àti ayàwòrán dé etí ọ̀gá wọn, ọ̀gá ní, "Ìparí oṣù tó ń bọ̀ ni ìwé ń wọ ẹ̀rọ. Ẹ fi ojú ìwé Ẹ sílẹ̀ lófìfo títí ẹ ó fi parí ìjà yín. Ẹni tó bá ṣẹ́gun, kó wá sọ fún mi."

Igbó ìpamọ́ ẹranko kan wà, ìrìn ọjọ́ kan gbáko ni nínú ọkọ̀. Kò sẹ́ni tó gbọ́dọ̀ ṣọdẹ níbẹ̀. Wíwò nìkan ni wọ́n gbà láyè. Ìyá Àmì wá nọ́ńbà wọn kàn, ó pè. Akọ̀wé igbó ló gbé e, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ bí ẹni tí kò fẹ́ jí ẹnì kan.

"Ẹkùn yín," Ìyá Àmì ní, "ṣé ó nílà?"

"Rárá o, mà. Àmì ló ní."

"Kí lo pè é?"

"Àmì, mà. Àmì tótòtó láti orí dé ìrù. Ó pọ̀ débi pé kò sẹ́ni tó lè kà á tán."

Ìyá Àmì fi bírò pupa kọ ọ́ sílẹ̀. "Èyí tó nílà ńkọ́?"

"Òkè òkun nìyẹn ń gbé, mà. Ẹran ló pọ̀ ju orúkọ lọ. Wọ́n kàn jọ ń jẹ́ ẹkùn ni."

Ìbéèrè ti parí níbẹ̀. Ẹlòmíì á dúpẹ́, á sì padà sídìí iṣẹ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìròyìn kò tó àfojúbà, ọkàn Ìyá Àmì kò sì balẹ̀ mọ́. Ẹran kan wà láyé yìí tí Ẹlẹ́dàá fi àmì sí lára láti orí dé ìrù, tí kò gbàgbé ọ̀kankan, òun Ìyá Àmì kò sì tíì fojú kàn án? Ó tún pe akọ̀wé igbó. Ó bi í bóyá ẹkùn máa ń sùn lórí igi lóòótọ́. Akọ̀wé ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó bi í bóyá ó máa ń hanrun.

"Mà, ẹni tó bá sún mọ́ ọn débi tí á fi gbọ́ ìyẹn, kì í padà wá ròyìn."

Láti ọjọ́ náà ló ti bẹ̀rẹ̀ ìmúra. Kò sọ fún ẹnì kankan. Ṣé a sọ pé yíyọ́ ẹkùn, tojo kọ́? Ó gba ìwé òfin igbó náà, ó tẹ̀ ẹ́ jáde níbi iṣẹ́, ó sì kọ́kọ́ fi bírò pupa bẹ̀ ẹ́ wò. Wọ́n kọ ọ́ síbẹ̀ pé, "E ma se so kale ninu oko." Ó fi àmì sórí ọkọ̀, kí opó má baà rò pé wọ́n fẹ́ fún òun lọ́kọ. Wọ́n ní kí àlejò má wọ aṣọ pupa, kó má wọ funfun. Aṣọ tó bá jọ eruku ni wọ́n fẹ́. Ìyá Àmì tú kọ́bọ́ọ̀dù rẹ̀, ó bá síkẹ́ẹ̀tì kan tí ọkọ rẹ̀ máa ń sọ pé ó dà bí àpò ìrẹsì. Ó sá a síta sínú oòrùn. Wọ́n ní kí èèyàn má fín lọ́fínńdà. Wọ́n ní kí èèyàn lè jókòó fún wákàtí kan láìsọ̀rọ̀, láìmira.

Ìyẹn ló kọ́ jù. Lójoojúmọ́, bó bá ti ibi iṣẹ́ dé, á gbé àga síbi fèrèsé ẹ̀yìn, á jókòó, á máa wo aláǹgbá tó ń gbé lórí fẹ́ǹsì. Lọ́jọ́ kìíní, aláǹgbá sá. Lọ́jọ́ kẹta, ó mi orí sí i. Nígbà tó di ọjọ́ kẹsàn-án, ó wọlé, ó gun ẹsẹ̀ àga, ó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàtà Ìyá Àmì, àwọn méjèèjì ń wo òde. Ó ti tó ọdún méjì tí ohun abẹ̀mí kan ti jókòó tì í tí kò wo ojú rẹ̀. Ìyá Àmì fẹ́ràn rẹ̀ ju bó ṣe rò lọ.

Ìdí nìyẹn tó fi fẹ́ dá lọ. Kì í ṣe ìgbéraga, kì í sì í ṣe pé ó kórìíra ẹnì kankan. Ó fẹ́ wo nǹkan kan wò dáadáa níbi tí ẹnikẹ́ni kò ti ní máa wo òun.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ẹtì kan, akọ̀wé igbó pè. Òjò ti súnmọ́lé. Bó bá ti rọ̀ lẹ́ẹ̀mejì, odò á bo ọ̀nà, wọ́n á ti igbó pa, ó di ọdún tó ń bọ̀. Ọkọ̀ tó kẹ́yìn ń lọ ní Ọjọ́bọ̀, ìjókòó kan ṣoṣo ló kù nínú rẹ̀.

"Mà, ẹ fèsì kí aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ tó lù. Àwọn mìíràn ti ń béèrè."

Ìyá Àmì fẹ́ dáhùn lójú ẹsẹ̀, ó sì kó ara rẹ̀ ní ìjánu. Èèyàn kì í rin irú ìrìn bẹ́ẹ̀ láìsọ fún ará ilé. Ó gbé fóònù, ó kọ̀wé sí gúrúùpù ẹbí. Ṣùgbọ́n fóònù tuntun ni. Àbúrò rẹ̀ ló rà á fún un lẹ́yìn tí ti àtijọ́ bọ́ sínú omi, Ìyá Àmì kò sì rí àmì ohùn kankan lórí rẹ̀. Ó wá a títí. Aago ibi iṣẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ lù. Ó mí kanlẹ̀, ó sì ṣe ohun tó ti fi ọgbọ̀n ọdún bá àwọn èèyàn jà lé lórí. Ó kọ ọ́ báyìí:

"E kaaro o, eyin ebi mi. Ni Ojobo mo n lo si ibi ti ekun wa. O ti pe ti o ti n wu mi. Ko see ri laarin ilu. Emi nikan ni mo n lo. Ti mo ba ti ri ekun, okan mi a bale. E ma wa mi."

Ó fi ránṣẹ́, ó ki fóònù bọ iná kó lè gba agbára, ó gba ibi iṣẹ́ lọ.

Nígbà tó padà dé ní nǹkan bí aago mẹ́ta ọ̀sán, ó bá ìlẹ̀kùn ilé rẹ̀ ní ṣíṣí. Kọ́kọ́rọ́ ẹnu ọ̀nà wà nílẹ̀, wọ́n ti tú gbogbo nọ́ọ̀tì tó dè é mọ́ ìlẹ̀kùn sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Onífíríìjì, àbúrò rẹ̀, jókòó sórí àpótí irinṣẹ́. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí dúró láàárín pálọ̀ pẹ̀lú àpò ńlá tó máa ń gbé lọ gbẹ̀bí láyé ọjọ́sí. Fúláàsì tíì wà lórí tábìlì. Aṣọ ìnura mẹ́rin wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, wọ́n ká wọn lẹ́sẹẹsẹ.

"Ẹ káàsán, Àǹtí. Ṣé kò sí o? Ta ló fẹ́ bímọ?"

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí sún mọ́ ọn. Ojú rẹ̀ ló kọ́kọ́ wò. "Jókòó."

"Nínú ilé ara mi?"

"Mo ní kó o jókòó."

Ìyá Àmì jókòó. Onífíríìjì wú ikọ́. "Àǹtí mi, a rí iṣẹ́ tí ẹ rán sí wa."

"Ó dáa. Ẹ wá bá mi yọ̀ ni?"

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí yíjú sí Onífíríìjì. "Ó ní ká bá òun yọ̀."

"Mo gbọ́ o."

"Wò ó," Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí sọ, ó rọ ohùn rẹ̀ sílẹ̀ bí ẹni tó ń bá aboyún àkọ́bí sọ̀rọ̀. "Nǹkan tó o fẹ́ lọ wá yẹn, tí mi ò fẹ́ fẹnu mi dárúkọ, ṣé ó dìgbà tó o bá rìn jìnnà kó o tó rí i?"

"Kò sí nítòsí, Àǹtí. Kì í gbé ilé."

"Kì í gbé ilé! Ilé wo ni kì í wọ̀?"

"Tiwa ńkọ́?"

"Ṣebí gbogbo wa la rí i lọ́jọ́ tí bàbá wa kú," Onífíríìjì dá sí i.

Ẹnu Ìyá Àmì là sílẹ̀. "Ó wọ ilé wa? Lójú yín? Èmi wà níbo?"

"Ẹ wà nínú yàrá, ẹ ń tẹ́ bẹ́ẹ̀dì fún àlejò."

"Kí ló wá ṣe? Ta ló lé e jáde?"

"Kò sẹ́ni tó lé e. Nígbà tó rẹ̀ wá, ó lọ fúnra rẹ̀."

Ìyá Àmì fà sétí àga, ojú rẹ̀ ń tàn. "Ẹ sọ fún mi, ẹ jọ̀ọ́. Nígbà tí ẹ rí i yẹn, ó nílà ni àbí ó lámì?"

Onífíríìjì dìde lórí àpótí irinṣẹ́ rẹ̀. Ó wo Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí wo òrùlé. "Ọ̀rọ̀ yìí ti kọjá tíì," ó sọ wẹ́lẹ́. Ó wá kúnlẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ àbúrò rẹ̀, ó di ọwọ́ rẹ̀ mú. "Má lọ ibì kankan. Àwa nìyí. Sun ún níbí."

"Kí n sun ún?"

"Sun ún! Sun ún títí ilẹ̀ á fi ṣú. A ò ní wò ọ́. A máa kọjú sí ògiri. Ìwọ, kọjú sí ògiri!"

Onífíríìjì kọjú sí ògiri.

"Àǹtí," Ìyá Àmì sọ, "ìjọba kò gbà kí wọ́n fọwọ́ kàn án, ẹ wá ní kí n sun ún. Iná wo ni yóò tó o? Ta ni yóò jẹ ẹ́?"

"Ìjọba?" Onífíríìjì bi ògiri léèrè.

"Jẹ kí ni?" Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí bi í.

Ìgbà yẹn gan-an ni fóònù dún níbi tó ti ń gba iná. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí fò dìde, ó gbà á mú kí onílé tó nawọ́. Ó gbé gíláàsì rẹ̀ sójú. "Ẹni tó ń tàn ọ́ lọ síbẹ̀ ló kọ̀wé. Mo fẹ́ ká jọ gbọ́ ọ." Ó wá kà á sókè, ó fi ohùn sí i bó ṣe yé òun: "'Ẹ káàsán, mà. Ẹ rántí aago mẹ́rin. Kí n má purọ́ fún yín, ẹkún ṣòroó rí lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀rín ni ẹ ó rí púpọ̀, láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, ńlá àti kékeré.'" Ó sọ fóònù kalẹ̀ díẹ̀. "Ọ̀rọ̀ ẹni yìí mà dáa o. Ilé àdúrà ni?"

Ìyá Àmì kò mira. Etí tó fi ọgbọ̀n ọdún gbọ́ àmì tí ojú kò rí ti gbọ́ tirẹ̀.

"Àǹtí. Ẹ tún ọ̀kan pè nínú rẹ̀. Kí ni ẹ ní ó ṣòroó rí?"

"Ẹkún."

"Kí ni ẹ ó rí púpọ̀?"

"Ẹ̀rín, àbí kí ló tún kù?"

Ìyá Àmì nawọ́ sínú àpò, ó fa bírò pupa yọ. Ó mú ìwé òfin igbó tó wà lórí tábìlì, ó yí ẹ̀yìn rẹ̀, ó kọ ọ̀rọ̀ méjì sí i gàdàgbà-gadagba, ó gbé e dání bí olùkọ́ níwájú kíláàsì. "Ẹkùn" ni èkíní. "Erin" ni èkejì.

Onífíríìjì ló kọ́kọ́ yíjú kúrò lára ògiri. Ó kà á. Ó yí ìwé náà padà, ó rí àwòrán erin mẹ́ta tó ń mu omi. Ó kà á lẹ́ẹ̀kejì. Ẹ̀rín bẹ̀rẹ̀ sí í jáde lára rẹ̀ bí afẹ́fẹ́ ṣe ń jáde lára fíríìjì tó bàjẹ́, díẹ̀díẹ̀, kó tó wá bú. Ó lu àpótí irinṣẹ́. Ó lu itan. "Ẹkùn! Mo ní mo rí i nílé wa! Mo ní ó lọ fúnra rẹ̀!"

"Ẹ̀yin lẹ ní kí n sun ún," Ìyá Àmì sọ, òun náà ò lè mú un mọ́ra mọ́.

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí bọ́ gíláàsì, ó fi ọ̀kan nínú aṣọ ìnura mẹ́rin nu ojú. "Ìwọ!" ó sọ. "Ìwọ tó o ń bá gbogbo ayé jà nítorí àmì! O kọ̀wé sí wa láìsí ẹyọ kan! Mo fò jáde nílé láìjẹun, bàtà tó wà lẹ́sẹ̀ mi kò bára mu!"

Òótọ́ ni. Wọ́n wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ẹ̀rín mìíràn tún bẹ̀rẹ̀.

"Bí a bá rí erin, ká sọ pé a rí erin," Onífíríìjì ní, ó ń gbá àyà rẹ̀. "Àwa rí erin, a pè é ní ẹ̀rín."

"'Ẹ má wá mi' tó o kọ ńkọ́?" Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí bi í.

"Kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì níbẹ̀ ni."

Ìyá Àmì wá rò fún wọn láti orí ilà ayàwòrán títí dé orí ìjókòó kan tó kù. Aago ògiri ti lé ní aago mẹ́ta ààbọ̀. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí gbọ́ ọ tán, ó ká aṣọ ìnura rẹ̀ padà, ojú rẹ̀ sì le.

"Ó yé mi. Èmi náà ń bọ̀."

"Ìjókòó kan ló kù, Àǹtí."

"Màá jókòó sórí àpótí rẹ̀."

"Àpótí mi kẹ̀?" Onífíríìjì sọ.

"Bí kò bá sí àyè, ṣe ni kó o fi í sílẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Opó kan kò gbọ́dọ̀ dá wọ inú igbó lọ. Bí nǹkan bá ṣe ọ́ ńkọ́? Bí ọkàn rẹ bá wá bàjẹ́ lójijì, níbi tí kò sẹ́ni tó mọ̀ ọ́?"

Onífíríìjì tẹ orí ba, ó ń yẹ nọ́ọ̀tì kọ́kọ́rọ́ wò. Bí ẹ̀gbọ́n bá ti sọ̀rọ̀ nílé wọn, ó di dandan. Ìyá Àmì mọ̀ bẹ́ẹ̀. Ó wo aago. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún ló kù.

"Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ tèmi. Láti ọdún méjì, kò sẹ́ni tó wọlé yìí tí kì í kọ́kọ́ wo ojú mi kó tó kí mi. Ẹ̀yin, òun, àwọn ará ibi iṣẹ́, ẹni tó ń ta búrẹ́dì. Mo mọ ohun tí ẹ ń wá. Èmi náà ń wá a, mi ò mọ ibi tó sápamọ́ sí. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá dúró ti ihò ẹran tí ẹ ń wo ẹnu ihò, ṣé ẹran ọ̀hún á jáde?"

Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí rọra jókòó.

"Ẹ̀yin lẹ sọ ọ́ fún mi nígbà tí mo fẹ́ bí àkọ́bí mi. Àwọn ìyá pé lé mi lórí, ọmọ kọ̀, kò bọ́. Ẹ lé gbogbo wọn jáde. Ẹ ní, 'Ẹ jẹ́ kí obìnrin yìí wà pẹ̀lú ara rẹ̀. Ohun tó ń bọ̀, ó mọ ọ̀nà.'"

Aláǹgbá orí fẹ́ǹsì yọjú lójú fèrèsé, ó mi orí, ó padà.

"Ó mà ga o," Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí sọ níkẹyìn. "O fi ọ̀rọ̀ ẹnu mi dí mi lẹ́nu." Ó wo aago, ó wo fóònù, ó tì í sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀. "Tẹ̀ ẹ́ sí i. Kó o sì fi àmì sí i o! Mi ò fẹ́ kí ẹni yẹn náà gbé àpò kiri."

"Kò ní àmì lórí, Àǹtí. Mo wá a títí."

"Ta ló ní kò ní?" Onífíríìjì sún mọ́ ọn. "Ẹ fi ìka tẹ létà yẹn mọ́lẹ̀. Ẹ má gbé e kúrò. Ẹ ní sùúrù fún un."

Ìyá Àmì tẹ létà u mọ́lẹ̀, ó dúró. Lórí rẹ̀, àwọn àmì yọ jáde lẹ́sẹẹsẹ, tòkè, tilẹ̀, gbogbo wọn, bí ọmọ ilé ìwé tó ń retí kí wọ́n pe orúkọ òun. Gbogbo wọn ti wà níbẹ̀ láti ọjọ́ yìí.

Ó fara balẹ̀ kọ ọ́, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí ń pe ìṣẹ́jú sí i létí bí ẹni tó ń pe ìrọbí: "Mò ń bọ̀. Èmi nìkan. Ẹkùn ni mo fẹ́ rí. Bó bá jẹ́ erin nìkan ló wà, màá wo erin." Ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kan, ó yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀kejì. Onífíríìjì ń fẹsẹ̀ janlẹ̀. Ìṣẹ́jú mẹ́ta kí aago mẹ́rin lù, ó fi ránṣẹ́.

Èsì dé kí wọ́n tó mí tán: "A ti ko oruko yin sile, ma."

"'Orúkọ' ni," Ìyá Àmì sọ, ó ti fẹ́ máa tẹ̀ ẹ́.

"Fi ọkùnrin ọlọ́kùnrin sílẹ̀!" àwọn méjèèjì pariwo.

Onífíríìjì padà sídìí ìlẹ̀kùn, ó ń de kọ́kọ́rọ́ tó tú. Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí gbé àpò rẹ̀ sórí àga, ó yọ fúláàsì sílẹ̀, ó bu tíì fún wọn. Ó wá fa síkẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ eruku tó wà lórí okùn wọlé, ó ká a, ó kì í sínú àpò náà. Ó ki ọṣẹ bọ̀ ọ́. Ó ki tọ́ọ̀ṣì bọ̀ ọ́. Ìyá Àmì ń mu tíì, ó ń wò ó. Ó rí i nígbà tó mú àńkáṣíìfù funfun méjì, tó rọra fi wọ́n sí ìsàlẹ̀ pátápátá.

"Àǹtí, wọ́n ní kí a má mú funfun wá."

"Ṣebí inú àpò ló máa wà."

"Méjì fún kí ni?"

"Eruku pọ̀ nínú igbó," Ẹ̀gbọ́n Agbẹ̀bí sọ. Kò gbójú sókè, kò wo ojú ẹnì kankan. Ó ń wá ibi tí yóò fi bàtà sí.

Ìyá Àmì kò yọ wọ́n kúrò.